Kì Í Gbọ́ràn

Ọmọ náà máa ń wò mí lẹ́nu. Ohun tí mo kọ́kọ́ mọ̀ nípa rẹ̀ nìyẹn, kí n tó mọ̀ pé ó mọ ìṣirò, kí n tó mọ̀ pé kì í jẹ ẹ̀wà. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀ níwájú kíláàsì, àwọn tó kù á máa wo pátákó, wọn á máa wo fèrèsé, wọn á máa wo ara wọn. Òun nìkan ló ń wo ẹnu mi. Ojú rẹ̀ kì í kúrò níbẹ̀, bí ẹni tó ń dúró kí n bu òkèlè fún òun.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà náà, ó wà ní kíláàsì kẹta tí mò ń kọ́ ní ilé ìwé àdáni kékeré kan ní Àgùdà. Gbogbo iṣẹ́ ni mo ń kọ́ wọn, ṣùgbọ́n Yorùbá ni mo fi ń yangàn. Kò sí tísà tó le tó mi lórí àmì ohùn ní gbogbo ilé ìwé yẹn, mo sì máa ń sọ ọ́ fún ẹni tó bá bi mí àti ẹni tí kò bi mí.

Ilé tí wọ́n bí mi sí náà wà lára ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ níbẹ̀. Tísà ni ìyá mi, òṣìṣẹ́ ìjọba ni bàbá mi, ọmọ ìjọ Áńgílíkà paraku sì ni àwọn méjèèjì. Nínú yàrá tí a gbé ní Ìpọ̀nrí, bí àgbà bá ń bá ọ sọ̀rọ̀, ilẹ̀ lo máa wò. Ẹni tó bá wo àgbà lójú, ó ń bá a figagbága ni. Ẹni tó bá wò ó lẹ́nu, ọ̀kánjúwà ni. Ẹnu àgbà lobì ti ń gbó, ìyá mi á wí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní kí ọmọdé máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti gbó. Títí di òní, mo lè ya gbogbo ihò tó wà lára kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ wa fún yín, nítorí pé wọ́n bá mi wí dáadáa.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ yìí wá ń wò mí lẹ́nu lójoojúmọ́, mo mọ orúkọ tí mo máa fún irú ìwà bẹ́ẹ̀. Mo ní ilé kò tọ́ ọ.

Ilé ìwé wa ní ìwé pélébé kan tó máa ń wà nínú báàgì ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bí tísà bá ní ohun tó fẹ́ bá ilé sọ, á kọ ọ́ síbẹ̀. Bí ilé bá ní èsì, wọn á kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀, ìwé á sì padà wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìwé àlọ-àtàbọ̀ là ń pè é. Ọ̀gá wa, obìnrin tó dá ilé ìwé náà sílẹ̀, fẹ́ràn ìwé yìí gan-an. Kò sí ìpàdé òbí tí kì í gbé e sókè kó sì sọ pé ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àwọn òbí á mi orí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣí i. Mo ti rí èyí tí ẹnì kan fi kọ nǹkan ọbẹ̀ rí: ata rodo, àlùbọ́sà, pánlá.

Nínú ìwé ọmọ yìí, mo kọ ọ́ báyìí: “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀. Ó máa ń wo àgbà lẹ́nu.”

Ìyá bàbá rẹ̀ ló ń tọ́ ọ. Àbújá ni àwọn òbí rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ọdún àti ọlidé nìkan ló ń gbé wọn wá sí Èkó. Obìnrin Ìjẹ̀ṣà ni Màmá yìí, ó ń ta aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kan tí kò jìnnà sí ilé ìwé wa. Ó mọ̀ ọ́n kọ, ó mọ̀ ọ́n kà, ṣùgbọ́n inú Bíbélì àtijọ́ ló ti kọ́ Yorùbá tirẹ̀: aiye, enia, nwọn, láìsí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀. Bí mo bá ti ṣí ìwé náà, ọwọ́ á máa yún mi láti fa bírò pupa yọ.

Ó fèsì ní ọjọ́ kejì. “Ẹ ṣe gan, Tisa. Oju mi na ti ri i. Ẹ jẹ ki a jọ pa ọwọ pọ tọ ọ.”

Inú mi dùn. Òbí kan rèé tó kàwé, tó dáhùn, tí kò bá mi jà pé ọmọ òun kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, èmi níhìn-ín, òun lọ́hùn-ún. Nílé, bí ọmọ náà bá ń gba iṣẹ́ lẹ́nu ìyá àgbà, á kúnlẹ̀, á sì wo ilẹ̀. Níléèwé, bí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀ tó sì gbé ojú sókè, màá fi ìka kan tẹ iwájú orí rẹ̀ wálẹ̀. Nígbà tí ìka kò tó, mo fà á létí. Kì í ṣe pé mo kìlọ̀ fún un o. Etí gan-an ni mo fà.

Ìwé ń lọ, ìwé ń bọ̀. Mo kọ ọ́ pé ó tún wò mí lẹ́nu nígbà àkàyé. Màmá kọ ọ́ pé òun nà án lánàá, òun sì rò pé ó ti yé e. Mo kọ ọ́ pé a dúpẹ́, ìyípadà ti ń wà. Kí táàmù tó dé ìdajì, ọmọ náà kò wo àgbà kankan lẹ́nu mọ́. Bí o bá pè é, á wá, á kúnlẹ̀, á tẹjú mọ́ ilẹ̀, á sì sọ pé, “Bẹ́ẹ̀ ni, Mà.”

Ní ìpàdé òbí àti olùkọ́, Ọ̀gá ní kí èmi àti Màmá dìde dúró. Ó ka díẹ̀ nínú ìwé wa síta. Ó ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ẹ wo ohun tí tísà àti òbí lè ṣe bí wọ́n bá fohùn ṣọ̀kan. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wa. Màmá so ìborùn rẹ̀ mọ́ ìdí bí ẹni fẹ́ jó, gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín. Kí n má purọ́, ara mi wú.

Ibi tí mo ti yẹ kí n fura ni àpèkọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù, kí a tó tọ́ ọ, ọmọ náà kì í ṣe olódo. Á gba mẹ́fà nínú mẹ́wàá, á gba méje. Ṣùgbọ́n àṣìṣe rẹ̀ máa ń yà mí lẹ́nu. Bí mo bá pe “Bàbá mi ń fọ mọ́tò,” á kọ “Màmá mi ń fọ mọ́tò.” Mo bi í níjọ́ kan bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé wọn nìyẹn. Ní ti àmì ohùn, kò mọ ọ̀kankan rárá. Ọkọ̀ tí ń gbé èrò, ọkọ́ tí a fi ń ro oko, ọkọ tí ìyàwó ń fẹ́, bákan náà ni gbogbo wọn rí lójú rẹ̀. Ó ti kọ ọ́ fún mi rí pé ọkọ ń gbé èrò lọ sí Ojú Ẹlẹ́gbà. Mo kà á sókè fún kíláàsì, a rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Òun náà rẹ́rìn-ín, nítorí pé ó rí i pé a ń rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn tí a tọ́ ọ tán, méje di méjì. Nígbà míì, òfìfo ni ojú ewé á wà, tàbí kó jẹ́ pé ó kọ ohun tó rí nínú ìwé ẹni tó jókòó tì í. Mo bi í pé kí lo jẹ láàárọ̀, ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Mà.” Mo bi í pé ọjọ́ wo ni òní, ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Mà.” Níjọ́ tí ẹnì kan da omi sórí tábìlì mi, mo ń bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá àwọn ni. Nígbà tó kàn án, ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Mà.” Mo ní kó kúnlẹ̀ kó sì gbé ọwọ́ sókè. Ó ṣe é láìjanpata. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo tó mọ̀ pé ọmọ mìíràn ló da omi náà.

Ní ìparí táàmù, mo kọ ọ́ sínú ìwé àlọ-àtàbọ̀ rẹ̀ pé: “Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n kì í gbọ́ràn.” Mo fi bírò pupa fàlà sí ìdí “kì í gbọ́ràn” lẹ́ẹ̀mejì.

Màmá fèsì. “Ẹ ma binu, Tisa. Mo ti ba a wi.”

Ọ̀sẹ̀ kejì táàmù tuntun ni nǹkan ṣẹlẹ̀. Òpópónà tó wà níwájú ilé ìwé wa kò fẹ̀. Bí agogo àlọ bá ti lù, ọkọ̀ àwọn òbí, kẹ̀kẹ́ Márúwá, àwọn tó ń ta gúgúrú, gbogbo wọn á há mọ́ ibẹ̀. Mo wà lẹ́nu géètì lọ́jọ́ náà. Ọmọ yìí rí Màmá ní òdìkejì òpópónà, ó sì sáré lọ bá a tààrà. Jíìpù òbí kan ń fi ẹ̀yìn rìn bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Dẹ́rẹ́bà náà ń fun họ̀ọ̀nù, kò dá a dúró rárá. Mo fi gbogbo ohùn mi pariwo pé, “Dúró!” Ohùn mi yẹn, gbogbo ilé ìwé ló máa ń dá dúró lórí ìlà láàárọ̀. Kò wo ẹ̀yìn. Baba tó ń ṣọ́ géètì ló fò mọ́ ọn, ó fi ọwọ́ kan gbá báàgì rẹ̀ mú, okùn báàgì já. Ìdí jíìpù náà kọjá níbi tí ọmọ náà ìbá wà.

Dẹ́rẹ́bà bọ́ sílẹ̀. “Ọmọ yìí, etí ẹ di ni? Gbogbo họ̀ọ̀nù tí mò ń fun yìí, o ò gbọ́?”

Ẹ̀rù ti bà mí débi pé inú ń bí mi. Mo fa ọmọ náà kọjú sí mi. “Mo ní kó o dúró, o ò dúró. Ṣé o fẹ́ kú ni?”

Ó gbé ojú sókè, ó wo ẹnu mi. Nígbà tó dà bí ẹni pé ó rántí, ó yára wo ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ṣe kọ́ ọ.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mà,” ó wí.

Ìbéèrè dẹ́rẹ́bà yẹn, ojoojúmọ́ là ń bi ọmọdé nírú rẹ̀ ní Èkó. Etí ẹ di ni? Kò sẹ́ni tó ń retí èsì. Ṣùgbọ́n ó bá mi wọlé lọ́jọ́ náà, kò sì jẹ́ kí n jẹun dáadáa.

Ní ọjọ́ kejì, mo fún kíláàsì ní iṣẹ́ àdàkọ. Gbogbo wọn tẹrí mọ́ ìwé. Mo rìn lọ sẹ́yìn pátápátá, mo dúró lẹ́yìn wọn, mo sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, “Ta ló máa jẹ bísíkítì?”

Gbogbo orí ló yí padà àfi ẹyọ kan. Mo sún mọ́ ọn. Mo tún un wí. Ọrùn rẹ̀ kò mira, ó ń kọ̀wé lọ. Ọmọ tó jókòó tì í ló fi ìgúnpá gún un, ó ní, “Àǹtí ní bísíkítì wà.” Ó wo ẹnu ọmọ náà, ó rẹ́rìn-ín, ó sì yí padà. Ẹnu ọmọdé ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó ní kó má wò ó.

Mo ra bísíkítì fún gbogbo wọn, nítorí pé irọ́ tísà a máa pẹ́ lórí ọmọ. Nígbà tí wọ́n jáde lọ ṣeré, mo kó ìwé àpèkọ rẹ̀ lọ sí yàrá àwọn tísà. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Dígí kékeré kan wà lára ògiri tí a fi ń wo gèlè. Mo dúró níwájú rẹ̀, mo pe “bàbá” láìmú ohùn jáde. Mo pe “màmá.” Ẹnu mi ṣe ohun kan náà. Mo pe ọkọ̀, mo pe ọkọ́, mo pe ọkọ. Ẹnu mi kò yàtọ̀. Èmi tí mo le lórí àmì ohùn ju gbogbo wọn lọ, mi ò ronú rí láyé mi pé àmì ohùn kì í hàn lẹ́nu.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo wo ẹ̀yìn, ojú ewé sí ojú ewé. Méje, mẹ́fà, méje: ìgbà tó ń wò mí lẹ́nu. Méjì, òfìfo, méjì: ìgbà tí mo fi ìka tẹ orí rẹ̀ wálẹ̀. Ẹnu mi ni etí ọmọ yìí, èmi àti Màmá sì ti pawọ́ pọ̀, a ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún wa. Mo sunkún níwájú dígí yẹn, ojú kò sì tì mí láti sọ ọ́.

Ohun tó dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ tí mo fàlà sí nídìí. Kì í gbọ́ràn. Òótọ́ ni mo kọ. Bí èdè wa ṣe sọ ọ́ fún olóríkunkun náà ló ṣe sọ ọ́ fún ẹni tí etí rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, èmi olùkọ́ Yorùbá sì mú èyí tó rọ̀ mí lọ́rùn.

Mi ò kọ eléyìí sínú ìwé. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí ilé ìwé parí, mo tẹ̀ lé ọmọ náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Màmá wà láàárín àǹkárá àti léèsì rẹ̀. Ó fún mi ní àpótí, ó ní kí n jókòó, ó kí mi tilétilé. Mo kí i padà, mo sì sọ ohun tó gbé mi wá. Ojú rẹ̀ yí padà.

“Tísà, kò sí adití nínú ìdílé wa.”

“Mi ò ní adití ni, Mà. Mo ní kì í gbọ́ràn.”

“Ẹ ti sọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ fàlà sí i. Mo nà án lórí ẹ̀.”

“Kì í ṣe ìyẹn ni mò ń sọ báyìí, Mà.”

“Kí lẹ wá ń sọ?”

“Kì í gbọ́ràn ni, Mà.”

A wo ara wa. Bí kò bá ṣe pé ọ̀rọ̀ náà dunni, ẹ̀rín ni ìbá pa wá.

“Ẹ wò ó,” Màmá wí, “ọmọ yìí ló ń bá mi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Bí mo bá ní kó gbé sísọ́ọ̀sì wá, á gbé e. Bí mo bá ní kó gbé téèpù wá, á gbé e. Ṣé adití ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?”

“Ọwọ́ yín ló ń wò, Mà. Bí ẹ bá ti tẹ́ aṣọ, ó mọ ohun tó kàn.”

Ó pòṣé. Ó mú àǹkárá kan, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sókè bí ìgbà tó ń fi aṣọ han oníbàárà, títí ó fi bo ojú rẹ̀. Láti ẹ̀yìn aṣọ náà, ó ní, “Bá mi gbé sísọ́ọ̀sì.”

Ọmọ náà dúró, ó ń wo òdòdó ara aṣọ.

“Mo ní kó o gbé sísọ́ọ̀sì wá.”

Bóyá ó gbọ́ pé ohùn kan dún, mi ò mọ̀. Ó wò mí, ó wo aṣọ, ó kúnlẹ̀, ó sì wo ilẹ̀. “Bẹ́ẹ̀ ni, Mà,” ó wí. Sísọ́ọ̀sì wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò mú un.

Màmá kò gbé aṣọ náà wálẹ̀. Nígbà tó yá, aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo kọ́kọ́ rò pé apá ló ń ro ó, mo fẹ́ bá a gbà á. Ẹkún ló ń sun lẹ́yìn rẹ̀, kò fẹ́ kí ọmọ rí òun.

A jọ gbé e lọ sí ọsibítù ni. Ọ̀gá yọ̀ǹda mi láti ilé ìwé. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀dọ́mọbìnrin ni. Ó fi ẹ̀rọ sí i létí, ó wò ó lápá ọ̀tún, ó wò ó lápá òsì. Ó bi wá bóyá nǹkan ti ṣe etí rẹ̀ rí. Màmá rántí. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méjì, omi máa ń jáde létí rẹ̀. Wọ́n kán òróró síbẹ̀, ó gbẹ, wọ́n dúpẹ́. Dókítà ní etí ọ̀tún kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ nǹkan kan mọ́, tòsì ń gbọ́ ìdajì. Ó ní àwọn máa tọ́jú èyí tó ṣe é tọ́jú, ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ sì wà tí wọ́n lè fi sí i, ṣùgbọ́n á gba oṣù mélòó kan.

Lẹ́yìn náà ló bi wá ní ìbéèrè kan. “Ẹ ní ó ń ṣe dáadáa tẹ́lẹ̀. Ẹnu ló ń wò nìyẹn. Òun fúnra ẹ̀ ló kọ́ ara ẹ̀, ọmọ yìí gbọ́n o. Kí ló wá dé tó fi dá a dúró?”

Mo wo ilẹ̀. Mo rí sálúbàtà Màmá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà mi, mo sì mọ̀ láìwò ó pé ilẹ̀ lòun náà ń wò.

Bá a ṣe padà dé, a tún bẹ̀rẹ̀ ìpawọ́pọ̀ tuntun. Mo gbé e wá síwájú kíláàsì. Mi ò kọ̀wé sí pátákó kí n sì máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà mọ́. Baba ẹnu géètì ní ohùn kò wúlò, òun fúnra òun ni á máa di ọwọ́ rẹ̀ mú sọdá. Màmá lọ láti ojúlé dé ojúlé nínú ọgbà tí wọ́n ń gbé, ó ní ẹni tó bá fẹ́ bá ọmọ òun sọ̀rọ̀, kó dúró níwájú rẹ̀. Nígbà tí àgbà ìjọ kan ní ọmọdé kì í wo àgbà lẹ́nu, Màmá dá a lóhùn pé, “Ẹ jẹ́ kó wò yín lẹ́nu. Tiyín ò ju kẹ́ ẹ fọ eyín yín lọ.”

Gbogbo wa ṣe é, kò sì ṣiṣẹ́, nítorí pé ọmọ náà kò gbé ojú sókè. Mo wí fún un pé kó máa wò mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ń wò, báwo ló ṣe máa mọ ohun tí mo wí? Bí mo bá fi ọwọ́ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, á di ojú. Mo rò pé ó ń retí ìka mi ni, tàbí kí n fà á létí. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ọ̀sẹ̀ kejì tẹ̀ lé e. Dókítà ti sọ pé bí kò bá tètè padà sí i, kódà bí ẹ̀rọ bá dé, ọ̀rọ̀ púpọ̀ á ti sá mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ̀rù bà mí pé ohun tí a bàjẹ́ yìí kò ní í ṣe é tún ṣe.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo mú iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà kan ń yẹ léèsì wò. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí mi, ó sì wà lórí ìkúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ojú nílẹ̀, nítorí pé Màmá ń bá a sọ̀rọ̀. Màmá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. “Bẹ́ẹ̀ ni, Mà,” ọmọ náà wí.

Màmá dìde lórí àpótí. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, orúnkún sì ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ tilẹ̀, ó sì sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí símẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀bù. Gèlè rẹ̀ bọ́. Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lélẹ̀ ní ibi tí ojú ọmọ náà wà gan-an, ó sì kọjú sókè sí i.

“Yéè, Màmá, kí ló dé?” oníbàárà wí, ó fẹ́ fà á dìde. Mo dá a dúró. A kì í rí i kí àgbà dùbúlẹ̀ níwájú ọmọdé. Èmi náà kò rí i rí.

“Má bínú sí mi,” Màmá wí. Ó rọra sọ ọ́, ẹnu rẹ̀ ń ṣí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń kọ́ ọ̀rọ̀ náà fún ìgbà àkọ́kọ́. “Èmi ni mo ṣì í ṣe. Máa wo ẹnu mi. Ṣé o gbọ́?”

Ojú ọmọ náà wà lẹ́nu rẹ̀. Kò sí ibòmíràn tó lè wò. Ó pẹ́ níbẹ̀.

“Mo rí i, Mà,” ó wí.

Mo yíjú sí àwọn léèsì. Oníbàárà náà ń nu ojú, kò sì mọ ohun tó ń pa á lẹ́kún.

Kò tán ní ọjọ́ kan. Ó ṣì máa ń wo ilẹ̀ bí ẹ̀rù bá bà á, ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ níwájú mi ju níwájú Màmá lọ, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Mo ń kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀ nínú kíláàsì, àwọn ọmọ tó kù á máa fi mí rẹ́rìn-ín. Kí oṣù náà tó parí, mo ń kọ́ wọn ní orúkọ àwọn ẹyẹ. Mo wo ọwọ́ iwájú, mo sì rí ojú rẹ̀. Kì í ṣe pátákó ló ń wò. Mo ń sọ̀rọ̀ lọ, mi ò dúró, kí n má baà dẹ́rù bà á. Mo pe àwọn ẹyẹ tí kò sí nínú ìwé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, mo ṣí ìwé àlọ-àtàbọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ síbẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí mo fi bẹ̀rẹ̀: “Ọmọ yìí wò mí lẹ́nu lónìí.”

Èsì Màmá dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, láìsí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀, mi ò sì fi bírò pupa kàn án.

“Mo dupẹ, Tisa. O wo emi na l'ẹnu l'ana. A sọrọ titi ọbẹ mi fi jona.”